Tábìlì Èmi àti Àna Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Òjò láti òwúrọ̀. Ìrẹsì àti ẹja ni wọ́n fún wa lọ́sàn-án, ọbẹ̀ rẹ̀ ṣàn bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Wọ́n ti gbé tábìlì wa sún mọ́ fèrèsé. Ó dùn mọ́ mi nítorí mo ń rí àgbàlá. Kò kan àna mi, nítorí kò rí àgbàlá, kò rí fèrèsé, díẹ̀ ló kù kó má rí èmi gan-an. Síbẹ̀ ó kọjú síta, ó ní, "Òjò yìí mà pọ̀ o," bí ẹni tó ń wò ó. Etí ló fi rí i.

A ṣe é bí a ti ń ṣe é. Mo tẹrí ba bí ẹni tó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀, mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹja wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, mo ti yọ egungun rẹ̀. Omi wà lókè abọ́, ẹ má nawọ́ jù." Ó jẹun bí ayaba. Mátírọ́nù gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó kí wa, kò fura. Bó bá fura, òkè ni. Ẹni tí kò bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun nílé àgbà yìí, àjà kejì ni wọ́n ń gbé e lọ, mi ò sì tíì rí ẹni tó lọ sókè tó padà wá jókòó pẹ̀lú wa.

Ọ̀sẹ̀ yìí ló pé ọdún mẹ́ta tí ọmọ mi ọkùnrin àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tọkọtaya, kó wa wá síbí lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n lè máa fi ẹsẹ̀ kan bẹ ìyá méjì wò. Àwọn tó wà nílé ń pe èmi ní Ìyá Oníbúrẹ́dì nítorí iṣẹ́ tí mo ṣe, wọ́n ń pe òun ní Màmá Agbẹ̀bí nítorí tirẹ̀. Àna mi ni mo ń pè é.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ẹ̀wà. Ó jinná, a dúpẹ́.

Baba Rélùwéè, ẹni kẹta wa ní tábìlì, ní owó tíì tún ti lé ní ṣọ́ọ̀bù ẹnu géètì. Ó ní láti òní lọ, omi gbígbóná lásán lòun á máa mu, òun á máa fi ọkàn ro tíì sí i. Awakọ̀ ojú irin ni tẹ́lẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì sì ti pa etí rẹ̀ kan. Etí tó kú yẹn ló kọ sí wa, ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ abọ́ fún àna mi láìbẹ̀rù.

Àwọn ọmọ wa kò yọjú lọ́jọ́ Àìkú méjì báyìí. Àna mi ní iṣẹ́ ló pọ̀. Mo ní iṣẹ́ ni. A jọ gbà pé iṣẹ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Ọmọ mi wá, òun nìkan. Kò wọ gbọ̀ngàn ìjẹun rárá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dúró sí pẹ̀lú páálí bísíkíìtì lábíyá.

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sí yàrá yín."

A dé yàrá, kò jókòó. Ó ní ìyàwó òun ti kó jáde, ó ti gba ilé tirẹ̀. Mo bi í pé kí ló ṣe fún un.

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Ìyá ẹ̀ ló ń kọ́ ọ lórí fóònù. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ mi fún obìnrin yẹn o, Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ti rù. Kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ tóbi fún ọrùn rẹ̀. Ọmọ tí mo bí ni, mo gbà á gbọ́. Kí ni ìyá ì bá tún ṣe?

Nígbà oúnjẹ alẹ́, àna mi ní, "Mo gbọ́ ohùn ọmọ wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò wá kí mi." Mo ní ó ń kánjú ni. Mo sọ fún un pé ọ̀dùnkún wà lápá òsì. Mi ò sọ nǹkan mìíràn, òun náà kò bèèrè. Ó yẹ kó ti bèèrè. Èyí ló mú mi fura pé ó ti mọ̀ ṣáájú mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ní inú ń run mí, mi ò lọ jẹun alẹ́. Inú kọ́ ló ń run mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Ìyàwó ọmọ mi wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. A pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, àmọ́ ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan tó já bọ́ sílẹ̀, ó sì dìde kíá.

"Ìyàwó mi, ṣé kò sí?"

"Kò sí, mà."

Ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ẹkún. Mi ò mọ èwo nínú wọn ló ń sun ún. Tíì tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà tutù síbẹ̀.

Nígbà tí à ń jẹun alẹ́, kó tó di pé mo lanu, àna mi ti ki ọwọ́ bọ ọbẹ̀. Mo fẹ́ bá a nu ún. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Kí n kọ ọ́ bó ti rí.

Ẹran àti ọ̀dùnkún ni oúnjẹ ọ̀sán. Mo ní, "Ẹran wà lọ́wọ́ òsì yín." Àna mi ní, bí ẹni tó ń bèèrè iyọ̀, "Ọmọ yín ti ní obìnrin mìíràn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ mi."

"Irọ́ ló pa."

"Ọmọ mi kì í purọ́. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń fara dà á, kò sọ fún ẹnì kan, torí kí ojú má bàa tì yín."

Mo ní òun ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, òun ló ń tú ilé ọmọ mi ká lórí fóònù. Ohùn mi ti ń ròkè. Tirẹ̀ kò ròkè rárá. Ó ní, "Ìyá Oníbúrẹ́dì, búrẹ́dì tẹ́ ẹ yan ló jinná. Ọmọ tẹ́ ẹ bí ni ò jinná."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní tábìlì ẹ̀yìn. Ẹ̀rín yẹn ló tì mí. Mo dìde. Mo ní, "Ìwọ!" Èmi tí mi ò pè é ní ìwọ rí láti ọjọ́ tí a ti so àwọn ọmọ wa pọ̀. "Ìwọ tí o ò rí ẹran inú abọ́ ara rẹ, ìwọ lo wá ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ọmọ mi! Ó yá, mú ẹran náà! Mú un kí gbogbo ayé rí ọ!"

Àna mi nawọ́ sí abọ́ láti fi hàn pé irọ́ ni mo ń pa. Ìbínú ti mú un gbàgbé ohun tí mo sọ, ọwọ́ rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún. Ó wá ẹran tì. Ó ta ife omi dànù, omi ń ṣàn lọ sí itan rẹ̀, ó sì ń wá ẹran síbẹ̀.

Mátírọ́nù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àna mi jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọmọ mi kò wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Dókítà ojú dé. Kò pẹ́ lọ́dọ̀ àna mi. Lẹ́yìn náà ni Mátírọ́nù pè mí sí ọ́fíìsì.

"Mà, ó ti tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti mọ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to bírò orí tábìlì rẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé egungun ẹja lè há a lọ́rùn?"

"Mo máa ń yọ egungun rẹ̀."

Ó wò mí títí. "Àánú yín ṣe mí, mà," ló wí. Èèyàn burúkú kọ́ ni. Ì bá rọ̀ mí lọ́rùn ká ní èèyàn burúkú ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Wọ́n gbé àna mi lọ sókè lónìí. Nọ́ọ̀sì kan gbé rédíò àti bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òmíràn di apá rẹ̀ mú. Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di aláboyún mú nígbà tó bá ń gun àtẹ̀gùn, pé igbọnwọ́ ni wọ́n ń dì mú, kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Nígbà tó dé iwájú yàrá mi, ó dúró díẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò ṣí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Èmi àti Baba Rélùwéè nìkan. Ẹyin àti búrẹ́dì. Òtútù wọ eegun.

Ó jẹun dé ìdajì, ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ìyá Oníbúrẹ́dì, etí mi kan ló kú. Èkejì ṣì wà láyé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ yín. Ọ̀tún, òsì, omi wà lókè."

Ẹnu yà mí. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ fún ẹnì kankan?"

"Oúnjẹ ilé yìí kì í dùn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ń kà á báyẹn, ó máa ń ṣe mí bíi pé wọ́n sè é fún èèyàn pàtàkì." Ó wo abọ́ rẹ̀. "Ẹ gòkè lọ bá a."

"Ojú ń tì mí."

"Ẹ jẹ́ kó máa tì yín lọ sókè. Kì í dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́."

Mi ò lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ọmọ mi wá. Mo ní kó jókòó, ó jókòó. Mo ní kó wo ojú mi, ilẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé òótọ́ ni?"

Ó fọwọ́ nu ojú. "Màmá, ó ti lóyún."

"Ta ni?" Bí mo ti ń bèèrè ni mo mọ̀ pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni. Ìyàwó ilé rẹ̀ kọ́ ni.

Mo ní, "O jẹ́ kí n dójú ti ìyá oníyàá láàárín ọjà."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ bá a jà, Màmá."

Lóòótọ́, kò sọ bẹ́ẹ̀. Èyí ló dùn mí jù. Ó ní òun ti rí ilé àgbà mìíràn nítòsí ibi tóun ń gbé báyìí, wọ́n máa ń se oúnjẹ tó dáa níbẹ̀, òun á wá kó mi tí oṣù bá parí. Mo ní èmi kì í ṣe àga tí wọ́n ń gbé kiri. Mo ní kó máa lọ. Ó dìde, ó gbàgbé agboòrùn rẹ̀, òjò sì ń rọ̀. Mo mú un, mo rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti lọ. Ọmọ mi ni. Ó dùn mí pé òjò ń pa á, inú sì ń bí mi pé ó dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo gòkè. Orúnkún mi fẹ̀sùn kàn mí ní gbogbo àtẹ̀gùn.

Òkè kò rí bí mo ti rò. Ó mọ́, ó gbóná, àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Oúnjẹ ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ di àwọ̀ kan ṣoṣo, èèyàn kò lè mọ̀ bóyá ẹran ni tàbí ẹ̀wà. Nọ́ọ̀sì kan jókòó ti àna mi pẹ̀lú ṣíbí. "Màmá, ẹ lanu díẹ̀." Àna mi pa ẹnu dé bí ẹni tó ta kókó àpò. Nọ́ọ̀sì ní tíì nìkan ló ń mu láti ìgbà tó ti dé.

"Ta nìyẹn?" ló bèèrè.

"Èmi ni."

Ó kọjú sí ògiri. Mo bẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn kì í dáhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo tún lọ. Ògiri náà ló ń wò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Lónìí mi ò bẹ̀bẹ̀. Mo jókòó, mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Ó ti jẹ́wọ́ fún mi. Obìnrin náà ti lóyún."

Mo rò pé ó ti sùn. Lẹ́yìn náà, ohùn kan wá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ohùn iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́:

"Oṣù mélòó?"

"Mi ò bi í."

"Ẹ ò bi í," ló wí, ó kẹ́dùn.

Ìyẹn nìkan. Àmọ́ "ẹ" ló pè mí. Mo ń sunkún sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mi ò sì lè sọ irú ẹkún tó jẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo bẹ alásè pé kó fún mi ní oúnjẹ tí wọn ò lọ̀. Ó ní òun ò gbọdọ̀. Mo ní kó fún mi ní tèmi, ohun tí mo bá fi ṣe kò kàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó bù ú. Nọ́ọ̀sì bá mi gbé e gòkè, ó sì dúró tì wá.

Mo gbé abọ́ sí itan àna mi. Mo ní, "Ẹyin síse wà lọ́wọ́ ọ̀tún, mo ti gé e sí mẹ́rin. Búrẹ́dì wà lósì. Tòmátì wà láàárín, ó tutù."

Kò mira. Ṣé kí n gbé e kúrò ni? Mo ti fẹ́ gbé e nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dìde. Ó mú ẹyin. Ó jẹ ẹ́. Ó mú òmíràn. Ó bu búrẹ́dì jẹ, ó rún un lẹ́nu títí, ó ní, "Búrẹ́dì yìí ò jinná."

Àwa méjèèjì jọ gbọ́ ohun tó sọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Búrẹ́dì gan-an ni mo ní lọ́kàn."

Bí ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ̀. A rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní ká rọra, tòmátì lè há àna mi lọ́fun.

Kò ní òun dárí jì mí. Mi ò bèèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje

Mo lọ bá Mátírọ́nù pé kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Ó ní ojú náà kò ní padà bọ̀ sípò mọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbàkigbà tó bá ń jẹun, ọmọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

"Èmi ni màá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

"Ẹ̀yin, mà? Lẹ́yìn ohun tẹ́ ẹ ṣe?"

"Nítorí ohun tí mo ṣe ni."

Mo pe ìyàwó ọmọ mi. Kò gbé e. Mo tún pè. Ó gbé e. Mo rò ó fún un. Ó ní, "Mo gbọ́, mà. Mo ń bọ̀."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Ìyàwó ọmọ mi dé, a pàdé lókè lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un, èmi ìyá ọkọ. Orúnkún kan gbà, èkejì kọ̀, òun ló gbá mi mú.

"Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn." Lẹ́yìn náà ìbínú rẹ̀ dé. "Àmọ́ ẹ dójú ti ìyá mi. Níwájú gbogbo èèyàn!"

"Mo ṣe é."

"Ẹ ò tiẹ̀ ní wáwìí kankan?"

"Mi ò ní."

Ìyá rẹ̀ dá sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Ọmọ mi, ebi ń pa mí lókè yìí. Ẹ jà tán, kí n lọ jẹun."

Ó fọwọ́ sí i. Àmọ́ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọmọ mi kò gbọdọ̀ jókòó níbi tí ìyá òun bá ti ń jẹun. Bó bá wọlé sí gbọ̀ngàn yẹn, òun á wá kó ìyá òun lọ. "Ọmọ yín ni o, Màmá. Ṣé ẹ lè lé e?"

Mo ní mo lè lé e. Mo sọ ọ́ kíá, kí ọkàn mi tó gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Àna mi sọ̀ kalẹ̀ lónìí. Gbogbo ojú wà lára wa. Bí mo ti fẹ́ tẹrí ba kí n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ó ní, "Ẹ sọ ọ́ sókè, Àna mi. Wọ́n ṣáà ti mọ̀." Mo bá sọ ọ́ sókè: ìrẹsì, kárọ́ọ̀tì, ẹja. Ní tábìlì kejì, ìyá àgbà kan wo abọ́ tirẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Ẹja náà ò níyọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Mi ò ránṣẹ́ pe ọmọ mi, ó wá.

Ẹ̀wà la ti jẹ, ọsàn ló kù. Mo ń bó o fún àna mi nígbà tí mo gbójú sókè, tí mo rí ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, òjò ti pa á. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Mo sáré dìde, mo na ọwọ́ sí i kó dúró, mo lọ bá a.

"Má wọlé."

"Màmá, mo fẹ́ kí wọn ni. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn."

"Mo ti ṣèlérí. Tó o bá wọlé, ìyàwó rẹ á gbé ìyá rẹ̀ lọ."

Ó wò mí bó ti máa ń wò mí ní kékeré tí mo bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò yẹ̀ lọ́nà. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀. Mo padà, mo jókòó. Mi ò lè bó ọsàn mọ́.

Àna mi ní, "Òun ni?"

"Òun ni."

"Ó wọlé?"

"Kò wọlé. Ó jókòó síta. Ó ní òun fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún yín."

Ó nawọ́, mo fi ọsàn sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àtàńpàkò wá ibi tí èèpo kù sí. Àwọn mìíràn ń dìde, wọ́n ń palẹ̀ abọ́ mọ́. Baba Rélùwéè kí wa pó dàárọ̀, ó lọ. Àna mi kò kánjú. Ó pín ọsàn sí méjì, ó fún mi ní ìdajì, ó ń jẹ tirẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń tu kóró rẹ̀ sí etí abọ́. Láti ibi tí mo wà, mo ń rí bàtà ọmọ mi, bàtà tó ti rin gbingbin. Kò kúrò.

"Ẹ lọ bá a," ló wí níkẹyìn. "Ọmọ yín ni. Ẹ fún un ní táwẹ́lì. Àmọ́ ẹ sọ fún un pé kó má kí mi lónìí."

Mo ti dìde. Mo ní, "Lónìí nìkan ni?"

Ó wá ọsàn tó kù lórí abọ́, ó rí i.

"Àna mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ ọsàn mi."